Odo Tí Kò Ní Àmì

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí n tó mú bírò. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, torí yàrá wa kò fẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó ìdí máṣíìnì. Ṣé ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ kò dùn yín mọ́? Ọkọ mi ní kí n kí yín. Ó ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ jáde láti àná, ọ̀la ni yóò dé.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bínú pé mi ò pè. Etí yín kò gbé fóònù mọ́, Màmá, bí mo bá sì pariwo, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo. Ojú ń tì mí.

Mo ti ríṣẹ́. Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni, aṣọ ìbùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì là ń fọ̀. Èmi àti obìnrin kan la jọ ń fi aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọṣọ. Á di etí kan mú, èmi á di ìkejì mú, ẹ̀rọ á gbé e mì ní tútù, á sì pọ̀ ọ́ síta ní gbígbẹ. Ibẹ̀ gbóná bí ẹnu ààrò. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún mi ní yunifọ́ọ̀mù tó tóbi jù lọ́wọ́ wọn, bọ́tìnnì àyà sì kọ̀, kò pa dé. Ọ̀gá wa obìnrin wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ìwọ nìkan lo wà nínú aṣọ yìí, àbí ẹ̀yin méjì ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sunkún sáàárín àwọn aṣọ tútù.

Nǹkan kan tún wà. Ọjọ́ tí mo dé, tí ọkọ mi wá pàdé mi ní ibùdókọ̀, ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Háà, o ti tóbi o." Látìgbà ìgbéyàwó wa a ò tíì fojú kan ara wa, ohun tó sì rí sọ nìyẹn. Mi ò lè bi í pé kí ló ní lọ́kàn. Mo kàn gbé àpò mi.

Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí, mo sọ ọ́ ní Sísì Máàkì. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ fọn, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gun òṣùwọ̀n lójú ara wọn. Lọ́dọ̀ wọn, oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tirẹ̀. Búrẹ́dì ní tirẹ̀, ìrẹsì ní tirẹ̀, ti ohun díndín pọ̀ bí ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n á sọ iye máàkì tó jẹ́ tìrẹ lóòjọ́, bó bá ti tán, ẹnu dákẹ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní kí n má dá wọn lóhùn, kálórì ló dáa. Ó ní kálórì ni agbára inú oúnjẹ, bí epo ṣe wà nínú ọkọ̀, kò sì sí oúnjẹ tí kò ní in, títí kan èso, títí kan òróró tó kàn fi ara kan ìkòkò. Èèyàn á wọn oúnjẹ, á ka ẹ̀yìn páálí, á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Màmá, ẹ mọ ibi tí mo ti kúrò nílé ìwé. Mo gbìyànjú kálórì fún ọ̀sẹ̀ kan, orí fọ́ mi ju bí ebi ṣe pa mí lọ. Ti máàkì ni mo mú.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni odo. (Mi ò mọ ibi tí àmì ń gbé lórí ọ̀rọ̀ yìí, a ò tíì dé ibẹ̀ tí mo fi kúrò ní kíláàsì. Ẹ bá mi fi sí i.) Sísì Máàkì ní ti odo ni kí n máa jẹ ní àjẹyó, ẹnikẹ́ni ò ní yẹ̀ mí lọ́wọ́ wò.

Ẹ gbàdúrà fún mi. Mo fẹ́ kí ọkọ mi wò mí lọ́jọ́ kan kó má rí nǹkan kan sọ.

Èmi ọmọ yín tó ń tijú.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi, ìyàwó ojú ọ̀nà,

Lẹ́tà rẹ pẹ́ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Mo kí ọ, mo kí àna mi tó ń wakọ̀. Ọ̀nà á máa gbà á o. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó bá ń dunni, ó ṣì wà lára ẹni nìyẹn.

Mo ka ìwé rẹ, mo bọ́ ìgò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Máàkì tí èmi mọ̀, ẹni tó bá gbà á púpọ̀ la máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Ìgbà wo ló wá di ohun tí à ń sá fún? Ta sì ni Kálórì tí nọ́ọ̀sì fẹ́ kí o máa kà? Ẹni tó bá ń ka oúnjẹ mọ́ni lẹ́nu, ahun là ń pè é. Ṣé ìwọ wá fẹ́ máa ṣahun sí ara rẹ ni?

Sọ fún ọ̀gá rẹ pé bọ́tìnnì ni kó sún. Bọ́tìnnì kò ju òwú lọ. Aṣọ là ń gé bá ara, a kì í gé ara bá aṣọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, ẹnì kan ṣoṣo ló gbé ara rẹ̀ wá bá mi pé òun á dín in bá aṣọ. Jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi odo, ọkàn mi wálẹ̀. Èmi náà fi í sílẹ̀ bí o ṣe kọ ọ́, mi ò kàwé jù ọ́ lọ. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ní odo lọ́hùn-ún. Ohun tó bá ti inú odo jáde kì í tan èèyàn jẹ, inú á mọ̀ pé òun jẹun. Gbọ́ tèmi: ti odo ni kí o máa jẹ láàárọ̀, ti odo náà ni kí o máa jẹ lálẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a gbà lọ́wọ́ rẹ. Bí àwọn ará ìsàlẹ̀ bá ń ráhùn ariwo, bẹ̀ wọ́n, wọ́n á gbà. Ẹni tó bá sì ní odo, kó má ṣe ṣàìní ọmọ rẹ̀, torí ọ̀kan ò wúlò láìsí èkejì.

Ẹ ò tíì ya fọ́tò tọkọtaya láti ọjọ́ tí o ti débẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi han àwọn oníbàárà mi? Wọn ara rẹ kí o fi ránṣẹ́, màá rán aṣọ kan tí wàá wọ̀ ya fọ́tò náà. Má jẹ́ kó pẹ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú àdúrótì. Lẹ́tà yín wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, ó ti fẹ́ ya níbi tí mo ti ń ká a. Ibi tí ẹ ti ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já odo gbà lọ́wọ́ mi ni mo ń kà jù. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àdúrà ọmọ tí ẹ fi kún un, mo ṣe àmín. Ti ariwo yẹn nìkan ni kò yé mi. Kábéèjì kì í pariwo, kùkúńbà náà kì í pariwo. Àfi tó bá jẹ́ ti inú mi tó ń kùn lẹ ń wí.

Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Mo ti fi búrẹ́dì sílẹ̀, mo ti fi ìrẹsì sílẹ̀. Sísì Máàkì gan-an bá mi wí níwájú ẹ̀rọ. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, máàkì tí wọ́n bá fún ọ, o máa jẹ ẹ́ tán ni. Wọn ò ní kí o máa kó o pamọ́ bí ẹni fẹ́ fi kọ́lé." Mo ní bó bá jẹ́ pé kékeré dáa, a jẹ́ pé odo ló dáa jù. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìyá mi ni. Ó fi aṣọ mìíràn sẹ́nu ẹ̀rọ; ta ló máa bá ìyá oníìyá jiyàn?

Nọ́ọ̀sì náà kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ó ní ohun tó mú kí kálórì dára ju máàkì lọ nìyẹn, pé kálórì ní ìsàlẹ̀, ó ní ibi tí ara kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ kọjá, ẹni tó bá sì ń kà á á mọ̀ pé òun ti débẹ̀. Ó ní odo tiwa kò fi nǹkan kan hàn, èèyàn á kàn máa lọ nínú òkùnkùn. Mo kí i pé ó ṣeun. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ àjèjì borí ti yín.

Bọ́tìnnì ti pa dé, Màmá. Kò pa dé nìkan, aṣọ náà ti ń ṣò lọ́rùn mi. Ọ̀gá wa rí mi, ó ní, "Ìyàwó, ẹnì kejì yẹn ti jáde lóòótọ́ o."

Ibi tó jáde lọ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ẹ̀rọ ìgbẹṣọ wa ní ilẹ̀kùn gíláàsì rìbìtì. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ń retí kó parí iṣẹ́, mo sì rí ojú kan nínú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wọlé, egungun abẹ́ ọrùn yọ síta. Mo yíjú padà pé ta ló dúró tì mí, mi ò rí ẹnì kankan. Ẹni tí a kì í dárúkọ nílé wa ni. Kékeré ni mo wà nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ ojú yẹn. Mo gbé ọwọ́ sókè, ó gbé ọwọ́ sókè. Láti ọjọ́ náà, ó ń bá mi wá sílé. Ó wà nínú fèrèsé bọ́ọ̀sì, ó wà nínú ṣíbí.

Bí èmi nìkan bá jókòó ti oúnjẹ, àwo á máa sún mọ́ mi. Díẹ̀díẹ̀ ni. Màá tì í padà, á tún wá. Ọkọ mi ní ẹsẹ̀ kan tábìlì ló kúrú, ó sì fi páálí ká sí i lábẹ́. Àwo ò yéé sún.

Mi ò ní téèpù, òwú ni mo fi wọn ara mi. Mo ti ká wọn sínú ìwé yìí. Èyí tó ní kókó kan ni àyà, kókó méjì ni ìbàdí, kókó mẹ́ta ni apá. Ẹ rán an kó fún mi mọ́ra dáadáa.

Ọmọ yín tó ń gbọ́ràn.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Mo kí yín títí, ẹ ò dá mi lóhùn. Ṣé ara yín le? Àbí ohun tí mo sọ nípa ẹni yẹn ló bí yín nínú? Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ pa á rẹ́, ẹ ṣe bí ẹni tí kò kà á.

Mo ṣubú níbi iṣẹ́. Mo di etí aṣọ mú, Sísì Máàkì di ìkejì mú, mo sì rí i pé ọwọ́ mẹ́ta ló di aṣọ náà mú. Ohun tí mo rí kẹ́yìn nìyẹn. Ẹ̀rọ náà jó mi lápá díẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan tútù sí i, ó sì ń bú mi bó ṣe ń dì í. Ọkọ mi bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní ooru ni. Ó wò mí títí. Ohun tí mo ń wá nìyẹn, àbí? Kó wò mí kó má rí nǹkan sọ. Kò rí nǹkan sọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú wíwò tí mo rò ni.

Òrùka mi ń bọ́ lọ́wọ́, mo fi òwú dì í.

Ẹ kọ̀wé sí mi. Bó jẹ́ èébú lẹ fẹ́ bú mi, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Mi ò mọ èwo nínú wa ni mò ń dín kù.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Lónìí, mi ò ní bá ọ ṣeré. Jókòó kí o tó kà á.

Nígbà tí òwú rẹ dé, mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo na òwú oníkókó méjì yẹn láti fa ìlà ìbàdí. Ọwọ́ mi dúró. Ojú mi ò tíì mọ ohun tó rí, ọwọ́ mi ti mọ̀. Mo lọ ṣí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo mú aṣọ kan jáde níbẹ̀, mo na òwú rẹ lé ìbàdí rẹ̀. Kò lé, kò dín.

Aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ni. A ti wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Èmi ni mo ní ká má sọ ọ́, èmi náà ni mo sọ ọ́ yìí. Ẹnì kan nínú ará ilé ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ẹ ló ṣẹ̀fẹ̀ kan, bíi ti ọ̀gá rẹ yẹn. Ẹ̀fẹ̀ lásán. Ẹ̀gbọ́n rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá bá mi pé, "Màmá, ẹ bá mi gbà á wọlé," mo sì ń gbà á wọlé, mo ń ṣọpẹ́ pé ó ń rẹwà sí i. Kò wọ aṣọ náà lọ sí ibì kankan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Oṣù kan ni mo fi ń wo òwú rẹ, n kò lè gé aṣọ, n kò lè kọ̀wé. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọ mi ń jẹun odo, kò lè jẹ́ òótọ́, bóyá o kò mọ bí a ṣe ń wọn ara ni. Ìgbà tí lẹ́tà rẹ kẹta dé, Tíṣà tó ń gbé òdìkejì wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Mo bi í pé, "Tíṣà, ẹ wò ó, ọmọ tó ń jẹ ti odo láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ló lè mú un gbẹ?" Ó gba lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi kó lè fojú ara rẹ̀ kà á. Ó ní, "Odo wo ló kọ síbí? Odó tí à ń gún nǹkan nínú rẹ̀ ni, àbí odò tó ń ṣàn, àbí òdo tí mo fi ń ṣe máàkì fún àwọn olódo?" Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Màmá, èyí tí kò ní nǹkan kan nínú ni ọmọ yín ń jẹ."

Odó ni mo rò, ọmọ mi. Odó àti ọmọ odó. Mo rò pé ò ń fi ọwọ́ rẹ méjèèjì gún nǹkan tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ẹnu tí mo fi wúre fún ọ, òfo ni mo fi ní kí o máa jẹ. Àmì kékeré bí ẹsẹ̀ eṣinṣin ló bọ́ láàárín wa. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Mo gbà á padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Jẹun.

Tẹ̀lé nọ́ọ̀sì. Bí kálórì tirẹ̀ bá ní ìsàlẹ̀ tí kò yẹ kéèyàn kọjá, ìsàlẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ó kọ́ ọ. Kó bá ọ rò ó bí orí bá fọ́ ọ.

Ní ti àwo tó ń sún, má bẹ̀rù. O kéré nígbà náà, o kò lè rántí tán. Bí mo bá bu oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, á fi ìka kan ti àwo náà lórí tábìlì títí á fi dé iwájú rẹ. Mo ń rí i láti ìdí máṣíìnì. Á ní, "Àbúrò, bá mi jẹ ẹ́." Bó bá jẹ́ òun ló wá lóòótọ́, kò wá mú ọ lọ. Àwo ló wá tì sí ọ.

Bi ọkọ rẹ léèrè ohun tó ní lọ́kàn ní ibùdókọ̀. Ọjọ́ tó wá tọrọ rẹ, mo bi í pé kí ló rí lára ọmọ mi. Ó ní, "Màmá, bó bá wọlé, ilé ń kún ni." Ẹni tó sọ báyìí kì í kórìíra kíkún. Ẹnu ò ní bó tí o bá bi ọkọ rẹ ní nǹkan.

Mo ti jó òwú yẹn. Aṣọ tó wà nínú páálí yìí, ìwọ̀n ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ ni mo fi gé e. Mi ò ní gbà á wọlé, ì báà ṣe ínǹṣì kan. Ìwọ ni kí o kún un.

Ìyá rẹ, tó ṣì ní ọmọ kan.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lónìí, torí ìkúnlẹ̀ kò tó. Mo sunkún, lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín nítorí ọmọ odó. Mo ka ibẹ̀ sí Sísì Máàkì létí, ó sì fi aṣọ ìbùsùn òtẹ́ẹ̀lì nu ojú. Ó ní òun ló yẹ kí òun ti bèèrè pé irú ìyá wo nìyẹn.

Mo bi ọkọ mi. Mo kọ́kọ́ pa iná kó má baà rí ojú mi. Mo ní, "Ọjọ́ ibùdókọ̀ yẹn, o ní mo ti tóbi." Ó ní, "Ọmọdébìnrin ni mo fi sílẹ̀ nílé, àgbà obìnrin ló ti ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ojú ló tì mí, mi ò rí ọ̀rọ̀ míì mú." Ojú tì í. Ẹ gbọ́, Màmá. Àwa méjèèjì là ń tijú ara wa nínú yàrá kan ṣoṣo.

Nọ́ọ̀sì ti ń bá mi ka kálórì, ṣùgbọ́n òdìkejì la fi ń kà á. Kì í ṣe kí n má kọjá ibì kan, kí n ṣáà dé ibẹ̀ ni. Ó ti ní kí n lọ rí dókítà, mo sì ti lọ. Mo ti mọ ìyàtọ̀ wọn báyìí. Máàkì dà bí ẹni tó ń pòwe. Ó rọrùn fún irú èmi, ṣùgbọ́n bí òwe kò bá yéni, á ṣini lọ́nà. Kálórì ń ro ẹjọ́ látòkè délẹ̀, kì í fi nǹkan kan pamọ́, ó kàn ń rẹni ni. Sísì Máàkì ti fọn níwọ̀n tó fẹ́, ó sì ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. Máàkì kọ́ ló ṣe mí. Kò sí èyí nínú wọn tó lè sọ fún èèyàn pé ó tó.

A ti ya fọ́tò náà, ó wà nínú ìwé yìí. Aṣọ yín ṣì ṣò díẹ̀. Ọkọ mi fi píìnì mú un lẹ́yìn, ẹ ò ní rí i. Bí a bá tún un yà ní ọdún tó ń bọ̀, kò ní sí píìnì.

Ó ṣì wà nínú gíláàsì ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ ti ń kún bí tèmi ṣe ń kún, mi ò sì mọ̀ bóyá òun ló ń lọ tàbí èmi ló ń bọ̀. Mo kí i láàárọ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó dùn lẹ́nu.

Lánàá, mo se ìrẹsì pẹ̀lú ẹyin, mo bu ún. Àwo sún. Mi ò tì í padà. Mo jẹ ẹ́ títí mo fi yó, mo wá ṣẹ́ ṣíbí kan kù sí etí àwo, mo fi ìka kan tì í lọ sí òdìkejì tábìlì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bá mi jẹ ẹ́." Mi ò ka iye tó wà nínú rẹ̀. Mo lọ ti omi ẹ̀rọ tí mo gbàgbé sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, àwo mọ́. Ọkọ mi ní òun kọ́. Mi ò bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ yín.